Orí Kẹsàn-án: Àwọn Tó Ń Kọ Ìtàn Akọni Inú Kọ́míìkì

Bí ọmọdé bá gba kọ́míìkì lọ́wọ́ ẹnìkan, àwòrán ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá: aṣọ akọni, ẹ̀ṣẹ́ tó jù, ògiri tó wó. Ṣùgbọ́n tó bá ń ròyìn ìwé náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ohun tí yóò sọ ni pé wọ́n pa bàbá akọni yìí lójú rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sùn lóru. Ẹnìkan ló jókòó tó ronú ikú bàbá yẹn. Òun ló yan ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, òun ló pinnu ohun tí ọmọ rí àti ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún un. Iṣẹ́ ẹni bẹ́ẹ̀ ni orí yìí dá lé lórí.

Akọni tí à ń sọ níhìn-ín ní agbára tàbí ọgbọ́n tó ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ní aṣọ tí a fi ń dá a mọ̀, ó sì ní orúkọ mìíràn tí ayé ń pè é tó bá ti wọ aṣọ náà. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ọmọ Ọ̀rà tàbí ọmọ Ìlá. Bí eégún Ẹlẹ́wẹ bá jáde ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò sẹ́ni tí yóò pe orúkọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ. Orúkọ eégún ni a ń pè, oríkì eégún ni a ń kì. Ó tọ́ kí eégún fi ojú pamọ́. Àmọ́ nínú iṣẹ́ kọ́míìkì, ẹni tó kọ ìtàn náà gan-an ni wọ́n fi pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn kò sì tọ́ rárá. Ẹ máa fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ.

Ọdún 1938

Ní 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní Èkó. D. O. Fágúnwà, olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Òkè-Igbó, ló kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ìwé náà títí di òní. Kò sí ọmọ Yorùbá tó kàwé tí kò mọ ẹni tó dá Àkàrà-Oògùn, akọni inú rẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni Superman jáde ní Amẹ́ríkà, nínú ìwé Action Comics àkọ́kọ́. Jerry Siegel ló kọ ìtàn rẹ̀, Joe Shuster ló ya àwòrán rẹ̀, ìlú Cleveland ni àwọn méjèèjì ń gbé, wọn kò sì tíì pé ọmọ ọdún 25. Dọ́là 130 ni ilé-iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà san fún wọn, ó sì ra gbogbo ẹ̀tọ́ lórí Superman tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ìparí ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ tó wá jogún rẹ̀ tó gbà láti máa san dọ́là 20,000 lọ́dọọdún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kí ó sì dá orúkọ wọn padà sára iṣẹ́ wọn. Ọmọ ọdún 61 ni àwọn méjèèjì nígbà náà.

Bill Finger

Milton ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Bill ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Wọ́n bí i ní Denver ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1914. Àdúgbò Bronx ní New York ló ti dàgbà, ó sì jáde ilé-ẹ̀kọ́ DeWitt Clinton ní 1933, nígbà tí iṣẹ́ ti wọ́n jákèjádò Amẹ́ríkà. Bàtà ló ń tà nígbà tó pàdé ayàwòrán kan, Bob Kane, níbi àríyá.

Owó tí Superman ń mú wọlé ti wọ àwọn ilé-iṣẹ́ kọ́míìkì lójú, wọ́n sì ń wá akọni mìíràn. Kane ya ọkùnrin kan tó wọ aṣọ pupa, tó fi aṣọ pélébé bo ojú, tó ní ìyẹ́ apá gbọọrọ gbọọrọ bíi ti adán. Ó fi han Finger. Finger ṣí ìwé atúmọ̀-èdè sí ibi tí àwòrán adán wà, ó ní kí Kane wo etí rẹ̀. Ó dámọ̀ràn pé kí ó bo gbogbo orí akọni náà, kí etí yẹn yọ jáde. Ó ní kí ó mú ìyẹ́ náà kúrò, kí ó fi agbádá tí ìṣẹ́tí rẹ̀ rí bíi ti ìyẹ́ adán rọ́pò rẹ̀. Ó ní kí ó wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀wọ́, kí àwọ̀ pupa sì di ti eérú. Bí Batman ṣe rí lónìí nìyẹn. Finger ló kọ ìtàn àkọ́kọ́ rẹ̀, ojú ìwé 6 péré, tó jáde nínú Detective Comics nọ́ńbà 27 ní 1939. Òun ló wá orúkọ Bruce Wayne, òun ló wá orúkọ Gotham City. Ó wà nídìí bí Robin, Joker, Catwoman àti Penguin ṣe dé ayé. Ní 1940, òun àti ayàwòrán Martin Nodell ló jùmọ̀ gbé Green Lantern jáde.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé. Finger ní ìwé kékeré kan tó ń kọ gbogbo ohun tó bá rí sí: ẹ̀rọ tuntun, ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn, bí nǹkan kan ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń gé àwòrán láti inú ìwé ìròyìn, á so ó mọ́ ìtàn tó kọ, kí ayàwòrán má baà máa méfò bí ọkọ̀ ojú omi kan tàbí ilé kan ṣe rí. Ó fẹ́ràn kí akọni rẹ̀ máa jà láàárín àwọn nǹkan ńláńlá tí wọ́n fi ń polówó ọjà, bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó tóbi tó ilé. Ó ń pẹ́ kó tó parí iṣẹ́, àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un sì ń ráhùn. Ṣùgbọ́n àwọn ayàwòrán tó bá a ṣiṣẹ́ mọyì rẹ̀, nítorí pé nǹkan tó kọ sílẹ̀ ṣeé yà.

Kane ti bá ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ Batman tọwọ́ bọ̀wé pé orúkọ òun nìkan ni yóò máa wà lára Batman. Kane fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sanwó fún Finger. Nítorí náà, fún nǹkan bí ọdún 26, àwọn ọmọdé tó ń ka Batman kò mọ̀ pé ẹnìkan ń jẹ́ Bill Finger. Ní 1965, olùfẹ́ kọ́míìkì kan, Jerry Bails, kọ àròkọ kan tó sọ ohun tí Finger ṣe fún Batman. Kane kọ lẹ́tà, ó sẹ́ kanlẹ̀. Ní 1966 ni orúkọ Finger kọ́kọ́ jáde gbangba lára ìtàn Batman kan, nígbà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Charles Sinclair kọ eré alápá méjì fún tẹlifíṣọ̀n. Finger kú ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 1974 ní New York, láìsí owó lọ́wọ́ rẹ̀, láìsí òkìkí.

Nínú ìwé tí Kane kọ nípa ara rẹ̀ ní 1989, ó jẹ́wọ́ pé Finger yẹ fún ìyìn tí òun kò fún un. Ní 2005 wọ́n dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ ní orúkọ Finger fún àwọn òǹkọ̀wé kọ́míìkì tí ayé gbàgbé. Àmọ́ 2015 ni ilé-iṣẹ́ DC tó gbà pé kí orúkọ rẹ̀ máa bá ti Kane rìn lára Batman, lẹ́yìn tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Athena Finger, àti òǹkọ̀wé Marc Tyler Nobleman ti jà fún un. Ní 2017, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà kan ní Bronx. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ọdún 41 lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó dé. Ó dùn mí gan-an. Mo sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó ń ka ìwé yìí mọ̀ pé kì í ṣe pé Finger kò mọ̀wé tàbí pé ó yọ̀lẹ. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àdéhùn ni.

Akọni tí wọ́n kọ fún wa

Kí kọ́míìkì akọni tó fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ìwé ìtàn tí wọ́n fi fọ́tò ṣe ló gba ọjà kan. Ní àwọn ọdún 1960, Drum Publications ń tẹ African Film, nínú èyí tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó ń jẹ́ Lance Spearman ti ń lé àwọn ọ̀daràn kiri. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ń kà á ní Èkó, Accra àti Nairobi. Yorùbá náà ní tirẹ̀: Atọ́ka, ìwé ìròyìn tó ń fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ eré àwọn òṣèré alárìnjó wa di ìwé kíkà.

Ní 1975, ọdún tí Siegel gba orúkọ rẹ̀ padà, akọni kan tí wọ́n dá fún Nàìjíríà dé orí tábìlì àwọn olùtàwé. Powerman ni orúkọ rẹ̀. Ènìyàn dúdú ni, agbára rẹ̀ pọ̀, ó sì ń fò. Inú àwọn ọmọ dùn láti rí akọni tó jọ wọ́n. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó kọ ọ́, Donne Avenell àti Norman Worker. Gẹ̀ẹ́sì náà ni àwọn ọ̀dọ́ méjì tó ń yà á ní ìpín-ìpín, Dave Gibbons àti Brian Bolland. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti fi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́. Gibbons ló wá ya Watchmen láàárín 1986 sí 1987. Bolland ló ya The Killing Joke ní 1988, ìwé kan nípa Joker tí Finger wà nídìí bíbí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún Powerman tẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1988, wọ́n ní láti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Powerbolt, nítorí pé ilé-iṣẹ́ Marvel ní akọni tirẹ̀ tó ti ń jẹ́ Power Man. Ẹ wò ó dáadáa: orúkọ akọni lásán pàápàá ní olówó.

Mi ò fi ọwọ́ rọ́ iṣẹ́ Avenell àti Worker sẹ́yìn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ṣe, wọ́n sì ṣe é bó ti yẹ. Àmọ́ ẹni tó jókòó sí Ìlú Ọba tó ń kọ ìtàn fún ọmọ Nàìjíríà yóò sọ̀rọ̀ ìlú wa bí àlejò ti ń sọ ọ́. Kò ní mọ bí ìyá ṣe ń pe ọmọ rẹ̀ ní ọ̀gànjọ́. Kò ní mọ ohun tí àgbà ń fi ojú sọ níwájú àlejò.

Ọdún kan lẹ́yìn tí Powerman dé, ní 1976, Wálé Adénúga tó kàwé ní Yunifásítì Èkó dá Ikebe Super sílẹ̀. Kì í ṣe ìtàn akọni alágbára. Àwàdà ni, Papa Ajasco ló sì gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìdí tí mo fi mẹ́nu kàn án ni pé Adénúga ló dá àwọn ènìyàn inú rẹ̀, òun ló tẹ̀ ẹ́, òun ló ni ín. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, kò sẹ́ni tó ní láti bẹ̀ kí ó tó gbé Papa Ajasco lọ síbẹ̀. Ní 1987, Andy Akman, ọmọ Ghánà, gbé Captain Africa jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, ọjà ìwé wó, owó bébà gùn òkè, kọ́míìkì akọni sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Roye Okupe

Èkó ni Roye Okupe ti dàgbà, níbi tó ti ń wo àwọn kátúùnù akọni láti Amẹ́ríkà. Ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì George Washington, ó sì ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. Ní 2012 ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, YouNeek Studios. Kátúùnù ló kọ́kọ́ fẹ́ ṣe, ó sì gbé èrò náà kiri ọ̀dọ̀ àwọn olówó. Wọn kò gbà pé akọni láti Áfíríkà yóò tà.

Ìwé ló wá padà sí. Ní 2015 ó gba orí Kickstarter lọ, níbi tí àwọn òǹkàwé ti lè dá owó fún iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rí, wọ́n sì dá a fún un. Bí E.X.O.: The Legend of Wale Williams ṣe jáde nìyẹn, pẹ̀lú àwòrán láti ọwọ́ Súnkànmí Akínbóyè. Wálé Williams padà sí Lagoon City nítorí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, ó jogún aṣọ kan tó ń fún un ní agbára, ó sì dojú kọ Oníkú àti ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí rẹ̀. Ọ̀dọ́ Èkó èyíkéyìí yóò dá Lagoon City mọ̀. Ọdún 2025 ni Okupe gbé ìtàn náà sí, ọdún 10 síwájú ìgbà tó kọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà sẹ́yìn nínú ìtàn. Malika: Warrior Queen jáde ní 2017. Àkókò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọdún 600 sẹ́yìn, ọbabìnrin ajagun ló dá lé lórí, Ọbabìnrin Àmínà ti Zazzau ló sì fún un ní ìmísí. Iyanu: Child of Wonder lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá àtayébáyé ni ó ti ṣẹlẹ̀, Ìyanu sì jẹ́ ọmọ òrukàn tó ń gbé lẹ́yìn odi ìlú Ẹ̀lú, tí agbára kan jí nínú rẹ̀. Godwin Akpan ló ya àwòrán rẹ̀. Ìgbà tí Okupe kọ́kọ́ fẹ́ kí ayé gba akọni rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ ní ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ìgbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀. Lójú tèmi, ìṣísẹ̀ yìí ló mú kí Ìyanu gbayì ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ní 2021, ilé-iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà bá YouNeek ṣe àdéhùn ìwé 10. Ìyanu jáde lọ́dún yẹn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, kátúùnù Iyanu bẹ̀rẹ̀ lórí Cartoon Network, Okupe fúnra rẹ̀ ló sì darí rẹ̀. Lára àwọn tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ni Adesua Etomi-Wellington àti Shaffy Bello. Ọdún 2025 tó gbé Wálé Williams sí nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fowó sí kátúùnù rẹ̀ ni ọdún tí kátúùnù rẹ̀ dé ilé àwọn ọmọ.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní 2013 ni Jídé Martin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Comic Republic, Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Guardian Prime àti àwọn akọni mìíràn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọmọ tí kò lówó ìwé lè fi fóònù kà á. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ sí ti Okupe, ṣùgbọ́n wọ́n jọ mọ ohun kan: ẹni tó dá akọni ni kí ó ni ín.

Bí a ṣe ń kọ ọ́

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Nínú ìkínní, òǹkọ̀wé á kọ ohun tó wà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan àti ọ̀rọ̀ tí yóò wọ inú rẹ̀. Ọ̀nà Finger nìyẹn. Nínú ìkejì, òǹkọ̀wé á sọ kókó ìtàn fún ayàwòrán, ayàwòrán á yà á bó ṣe rí i, òǹkọ̀wé á wá fi ọ̀rọ̀ sí i. Ọ̀nà yìí ni Marvel lò ní àwọn ọdún 1960, ó sì dá àríyànjiyàn pípẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó dá akọni wo láàárín Stan Lee òǹkọ̀wé àti Jack Kirby ayàwòrán. Mo gba ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ẹ lo ọ̀nà àkọ́kọ́. Àpẹẹrẹ ojú ìwé kan rèé tí mo kọ fún kíláàsì:

Àwòrán 1. Ọjọ́ ọjà ní Ọ̀rà, ọ̀sán gangan. A ń wo ọjà láti òkè. Ọmọbìnrin ọdún 15 kan, Adéọlá, dúró láàárín èrò, ó ti bọ́ bàtà. Kò sí ọ̀rọ̀.

Àwòrán 2. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan, lórí ilẹ̀ pupa. Eruku ń gbọ̀n yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ká.
ADÉỌLÁ (nínú ọkàn): Kì í ṣe ẹsẹ̀ ènìyàn nìyí.

Àwòrán 3. Ìyá àgbà tó ń ta obì gbé ojú sókè wò ó. Ẹ̀rù wà lójú ìyá, ṣùgbọ́n ìyàlẹ́nu kò sí níbẹ̀.
ÌYÁ ÀGBÀ: Ìwọ náà gbọ́ ọ?

Àwòrán 4, kí ó gba ìdajì ojú ìwé. Ìsàlẹ̀ omi Àyìkúnnúgbá ní Òkè-Ìlá. Omi ń wọ́ láti orí àpáta. Lẹ́yìn omi náà, òjìji kan tó ga ju igi lọ. Kò sí ọ̀rọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn méjì péré ni wọ́n sọ. Ìbéèrè ìyá àgbà ló gbé ìtàn ró: ó fi hàn pé ó ti gbọ́ irú ìró yẹn rí, òǹkàwé á sì ṣí ojú ìwé kejì láti mọ ìgbà tó gbọ́ ọ. Bí mo bá jẹ́ kí ìyá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, kò sí ohun tí yóò mú un ṣí i. Ẹ tún wò ó pé mo sọ fún ayàwòrán ibi tí a ti ń wo ọjà àti bí àwòrán ìkẹrin ṣe tóbi tó, àmọ́ mi ò sọ irú aṣọ tí ìyá wọ̀. Ayàwòrán náà ní ojú tirẹ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ló mú kí orúkọ Bill Finger pẹ́ kó tó hàn lára Batman? Fi ọdún mẹ́ta ó kéré tán ti ìdáhùn rẹ lẹ́yìn.

2. “Powerman jẹ́ akọni Nàìjíríà.” Ǹjẹ́ o gbà bẹ́ẹ̀? Ro ti ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó yà á àti ẹni tó kà á kí o tó dáhùn.

3. Ní ẹni méjì-méjì, kí ẹnìkan kọ, kí èkejì yà, ẹ ṣe ojú ìwé kejì ìtàn Adéọlá. Ẹ bi àgbàlagbà kan nínú agbo ilé yín nípa Àyìkúnnúgbá tàbí odò mìíràn nítòsí, kí ẹ sì lo ohun kan tó sọ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ kọ ìwé àdéhùn oníla márùn-ún lórí ẹni tó ni Adéọlá tiyín, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ so ó mọ́ iṣẹ́ náà.